Ọ̀dà férémù fèrèsé fáínílì mi ń bó, ọ̀kan tilẹ̀ ti tẹ̀. Kí ni mo ṣe sí i?

ÌyáÌbejì

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Lọ́dún tó kọjá, mo fọwọ́ ara mi kun férémù gbogbo fèrèsé ilé wa. Fáínílì líle ni wọ́n, ike tí wọ́n ń pè ní PVC. Funfun ni wọ́n tẹ́lẹ̀, àmọ́ oòrùn ti pa wọ́n lára, wọ́n ti ń pọ́n. Dúdú ló wù mí. Mo lo ọ̀dà olóròóró dídán, irú èyí tí mo fi kun ilẹ̀kùn onígi tó sì dúró dáadáa. Mo fi akísà nu eruku kúrò, mo kùn ún lẹ́ẹ̀mejì, ó gbẹ, ó ń dán, inú mi dùn.

Oṣù mẹ́rin kò tíì pé tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í sán. Ní báyìí, ó ń bó bí ìgbà tí ejò ń bọ́ awọ. Bí mo bá fi èékánná kàn án, odindi abala kan á ṣí kúrò, funfun abẹ́ rẹ̀ á yọ láìní àbàwọ́n, bíi pé ọ̀dà ò dé ibẹ̀ rí. Èyí tó dùn mí jù ni ti fèrèsé pálọ̀ tó kọjú sí ibi tí oòrùn ń wọ̀ sí. Kò pa dé mọ́. Àárín férémù apá tó ń ṣí náà ti yọ ikùn síta.

Ẹ sọ òótọ́ fún mi: ṣé a kì í kun fáínílì ni? Mo ṣì ní ilẹ̀ balùwẹ̀ tí wọ́n tẹ́ fáínílì sí, àti àga méjì tí wọ́n fi fáínílì bò. Mo ti ní in lọ́kàn láti kun àwọn náà. Mo ti dáwọ́ dúró báyìí.

Ayọ̀_Onífèrèsé

Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. A ń kùn ún, ẹ má jẹ́ kí ọkàn yín bàjẹ́. Ti fèrèsé tó tẹ̀ yẹn ni kí n kọ́kọ́ sọ, nítorí iṣẹ́ mi ni.

Àwọ̀ dúdú ló ṣe é. Funfun máa ń dá ọ̀pọ̀ ìtànṣán oòrùn padà, dúdú máa ń gbé e mì. Nínú oòrùn ọ̀sán, ara ohun dúdú lè gbóná ju 70°C lọ. Bẹ́ẹ̀ sì ni PVC líle, nǹkan bíi 80°C ló ti máa ń rọ̀, kó tó dé ibẹ̀ gan-an ló ti ń pàdánù agbára rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Funfun ni wọ́n ṣe férémù yín láti jẹ́, ìwọ̀n ooru tí funfun lè mú ni wọ́n ṣe é fún. Ìgbà tí ẹ kùn ún ní dúdú, ẹ di ẹrù tí kò lè gbé lé e lórí.

Àwọn tó ń ṣe ọ̀dà máa ń kọ nọ́ńbà kan sára káàdì àwọ̀ wọn, LRV ni wọ́n ń pè é. Òǹkà náà ń bẹ̀rẹ̀ láti 0 fún dúdú pátápátá lọ sí 100 fún funfun gbòò, ó ń sọ iye ìmọ́lẹ̀ tí àwọ̀ náà ń dá padà. Fún fáínílì tó wà níta, 55 sókè ni wọ́n sábà máa ń ní kí a mú. Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn oníbàárà mi rọrùn ju ìyẹn lọ: ẹ má lo àwọ̀ tó ṣókùnkùn ju èyí tó wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀ lọ.

Ọ̀dà dúdú kan wà tí wọ́n dìídì ṣe fún fáínílì, tí èròjà àwọ̀ inú rẹ̀ ń dá ooru oòrùn padà. Ara agolo rẹ̀ ni wọ́n ti máa ń kọ ọ́ pé ó bá fáínílì mu. Bí kò bá sí ìkọ̀wé yẹn níbẹ̀, ẹ gbàgbé dúdú.

Bàbá Ọlọ́dà

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìnáwó, ẹ sì kú ìnára. Ọ̀dà ni mo fi gbọ́ bùkátà láti ìgbà èwe mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tó fi ń bó, torí bí ẹ kò bá mọ ìdí rẹ̀, ẹ ó tún ra ọ̀dà mìíràn, yóò sì tún bó.

Igi ń mu ọ̀dà. Ọ̀dà máa ń wọ inú ihò wẹ́wẹ́ ara igi, á ta gbòǹgbò síbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ti ilẹ̀kùn yín fi dúró. Fáínílì kì í mu ohunkóhun. Orí rẹ̀ lásán ni ọ̀dà jókòó sí. Bí ọ̀dà bá bá ọ̀rá tàbí eruku níbẹ̀, ọ̀rá àti eruku yẹn ló lẹ̀ mọ́. Ẹ ní funfun abẹ́ rẹ̀ mọ́ tónítóní nígbà tó ṣí. Ohun tó ń sọ fún yín nìyẹn: kò fìgbà kan lẹ̀ mọ́ fáínílì.

Ẹ ṣe nǹkan kan fún mi. Ẹ lọ síbi tí ọ̀dà kò dé lára férémù, bóyá lẹ́yìn ilé, kí ẹ fi ìka nù ún dáadáa. Bí ìka yín bá funfun bíi ti ẹni tó fọwọ́ kan ẹfun, ẹ mọ̀ pé ara fáínílì náà ni oòrùn ti lọ̀ di ìyẹ̀fun. Akísà gbígbẹ kò lè kó o. Omi, ọṣẹ àti bùrọ́ọ̀ṣì ló lè kó o.

Ẹ wá wo irú ọ̀dà tí ẹ lò. Ọ̀dà olóròóró ń le sí i bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́. Fáínílì ní tirẹ̀ kì í dúró sójú kan. Férémù tó gùn tó mítà kan ààbọ̀, bí ó bá kúrò nínú òtútù òwúrọ̀ bọ́ sínú oòrùn ọ̀sán tó sì fi 40°C gbóná sí i, yóò fi bíi mìlímítà 4 gùn sí i. Lálẹ́, á tún sún kì. Ojoojúmọ́ ni. Ọ̀dà tó ti gan kò lè bá a nà, ó di dandan kó sán. Ọ̀dà olómi tí wọ́n fi ojúlówó akirílíìkì (irú ike kan tó ń tẹ̀) ṣe ló ń nà tó sì ń sún pẹ̀lú rẹ̀. Bí ẹ bá rí èyí tí wọ́n fi yúrítéènì, ike mìíràn tó lágbára, kún, ó tún dára jù bẹ́ẹ̀ lọ.

TíṣàKẹ́mísìrì

Bàbá, ẹ ṣeun, ẹ sọ ọ́ bó ṣe wà. Mo fẹ́ fi ẹ̀yọ kan kún un, torí Ìyá Ìbejì dárúkọ fèrèsé, ilẹ̀ àti àga pọ̀ bíi pé ohun kan náà ni gbogbo wọn. Orúkọ ló pa wọ́n pọ̀. Fáínílì méjì ló wà.

PVC fúnra rẹ̀ le, ó sì ń ṣẹ́. Ọdún 1872 ni Eugen Baumann ti rí i ní Jámánì, àmọ́ ẹnikẹ́ni ò mọ ohun tí wọ́n lè fi ṣe. Ní 1926, Waldo Semon ní Amẹ́ríkà ń wá nǹkan tí yóò lẹ rọ́bà mọ́ irin. Ó gbé PVC sínú ògùn olómi kan, ó gbé e ka iná, ó sì rí i pé ó rọ̀, ó ń tẹ̀, ó ń nà. Ibẹ̀ ni fáínílì rírọ̀ ti jáde.

Ohun tó ń sọ ọ́ di rírọ̀ náà, òróró ni ẹ pè é. Nínú fáínílì àga tàbí ti orí tábìlì, ó lè tó ìdá kan nínú mẹ́ta gbogbo ìwúwo rẹ̀. Òróró yìí kì í jókòó jẹ́ẹ́. Díẹ̀díẹ̀ ló ń rìn wá sí òkè, bí ó bá sì bá ọ̀dà níbẹ̀, á wọ inú ọ̀dà náà lọ, á sì rọ̀ ọ́. Ẹ ti rí àga tí wọ́n kùn rí, tó gbẹ, àmọ́ tó tún ń lẹ̀ mọ́ aṣọ lẹ́yìn oṣù mélòó kan? Òróró yẹn ni. Kò sí bí ẹ ṣe lè sá a tó tí yóò gbẹ.

Nítorí náà, férémù, páìpù, ọgbà àti pátákó ara ògiri jẹ́ ọ̀kan, líle ni wọ́n. Àga, aṣọ tábìlì àti apá kan nínú àwọn ìtẹ́lẹ̀ jẹ́ òmíràn.

Ẹ jọ̀ọ́ mà, bí ẹ bá fẹ́ ṣí ọ̀dà àtijọ́ kúrò, ẹ má fi iná tàbí ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ gbígbóná sún mọ́ ọn. PVC tó bá gbóná kọjá ààlà máa ń tú gáàsì hydrogen chloride jáde, ó máa ń jó ojú àti ọ̀fun. Ẹ má sì lo acetone, ògùn olómi tí wọ́n fi ń pa ọ̀dà èékánná rẹ́, ó ń rọ PVC. Ògùn tí wọ́n fi ń họ ọ̀dà kúrò lára irin náà kò dára fún un, ó lè jẹ ojú rẹ̀.

Kúnlé_Afúnraṣe

Mo kí gbogbo yín. Èmi fọwọ́ ara mi kun gbogbo pátákó fáínílì ara ògiri ilé mi lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn, n kò lo práímà (ọ̀dà ìpìlẹ̀ tí a kọ́kọ́ ń kùn kí ọ̀dà gan-an lè lẹ̀) rárá, ọ̀dà akirílíìkì nìkan, lẹ́ẹ̀mejì. Kò bó títí di òní. Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ ni pé wọ́n máa ń kó ẹ̀rù bá èèyàn pé láìsí práímà kò ní dúró. Fífọ̀ ló ṣe pàtàkì. Ọjọ́ méjì ni mo fi fọ̀ ọ́, kíkùn rẹ̀ kò gbà ju ọjọ́ kan lọ.

Bàbá Ọlọ́dà

Kúnlé ọmọ mi, o ò purọ́. Pátákó ara ògiri tó ti pẹ́ nínú oòrùn ti ha díẹ̀, ojú rẹ̀ kì í dán mọ́. Bí o bá fọ̀ ọ́ mọ́ bí o ṣe fọ̀ ọ́ yẹn, akirílíìkì dáadáa lè dì í mú fúnra rẹ̀. Agolo ọ̀dà mélòó kan tilẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀.

Férémù fèrèsé yàtọ̀. Ó ń dán bíi dígí, ọwọ́ ń kàn án lójoojúmọ́, ọ̀rá ọwọ́ wà níbẹ̀, a ń ṣí i a ń tì í. Èmi ò ní kun férémù láìlo práímà alẹ̀mọ́ṣinṣin láéláé. Pàápàá èyí tí ọ̀dà ti bó lára rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Bí iyàn bá wà, ẹ jẹ́ kí abẹ parí rẹ̀. Ẹ kun ibi kékeré kan tí kò hàn síta, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ fi abẹ fa ìlà mẹ́fà tí wọ́n fi mìlímítà 2 jìnnà síra, kí ẹ tún fa mẹ́fà dábùú wọn, á dà bí àwọ̀n. Ẹ lẹ téépù tó lágbára mọ́ ọn, kí ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kí ẹ wá fà á kúrò lẹ́ẹ̀kan náà. Bí àwọn igun kéékèèké náà bá bá téépù lọ, ẹ má kun ìyókù. Ẹ padà sídìí fífọ̀.

Kúnlé_Afúnraṣe

Mo gbà, Bàbá. N kò tíì kun férémù fèrèsé rí. Pátákó ara ògiri ni mo mọ̀.

ÌyáÌbejì

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ṣe ti ìka yẹn, ó funfun bí ẹfun lóòótọ́! Mo wo ọwọ́ mi títí. Ẹ̀rí ló wà níwájú mi látọdúnkọ́dún.

Bàbá, kí ni kí n wá ṣe sí dúdú tó wà níbẹ̀? Ibì kan ti bó, ibì kan ṣì lẹ̀ gbọingbọin. Ẹ bá mi sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Bàbá Ọlọ́dà

Ẹ wá nǹkan ìfá oníke, kì í ṣe ọ̀bẹ irin, irin á ha fáínílì títí kan egungun. Ẹ fá gbogbo ohun tó bá fẹ́ kúrò. Ibi tó bá dì mọ́ ọn gbọingbọin, ẹ má bá a jà. Ẹ fi sáńpépà kíkúnná tí wọ́n kọ 220 sí lẹ́yìn pa etí rẹ̀ kó tẹ́jú bá ara yòókù, kí ẹ sì fi kan náà pa gbogbo férémù fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́. Kí dídán rẹ̀ lè kú lásán ni a ń wá. Sáńpépà tó bá rí gbágungbàgun jù bẹ́ẹ̀ lọ á fi ipa tí ọ̀dà ò ní lè bò sílẹ̀. Tí ẹ bá fi omi rẹ sáńpépà náà, eruku kò ní dà yín láàmú.

Ó wá kan fífọ̀, ibi tí mo fẹ́ kí ẹ lo ọjọ́ yín sí gan-an. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ọṣẹ olómi, bùrọ́ọ̀ṣì tí irun rẹ̀ rọ̀. Ìsàlẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ lọ sókè, kí omi ìdọ̀tí má baà ya ìlà sí ibi gbígbẹ tó ṣòro láti yọ. Ẹ fi omi mímọ́ ṣan án, kí ẹ tún ṣan án. Igun tí ọ̀rinrin ti mú kí olú dúdú wẹ́wẹ́ hù, ẹ po blíìṣì ìwọ̀n kan mọ́ omi ìwọ̀n mẹ́ta, ẹ fi pa á, ẹ jẹ́ kó jókòó fún bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ẹ tó ṣan án. Nígbà tó bá gbẹ, ẹ tún fi ìka nù ún. Bí ìka bá ṣì funfun, ẹ tún un fọ̀. Mo ti fọ fèrèsé kan lẹ́ẹ̀mẹrin rí.

Ẹ fi téépù bo gíláàsì àti rọ́bà dúdú tó yí i ká. Rọ́bà yẹn, ẹ má kùn ún rárá, òróró wà nínú òun náà, kò sì ní lè tẹ̀ dáadáa mọ́. Àwọn ihò tóóró tó wà nísàlẹ̀ férémù, ibẹ̀ ni omi òjò ń gbà jáde, ẹ má jẹ́ kí ọ̀dà dí wọn.

Práímà lẹ́ẹ̀kan, ọ̀dà lẹ́ẹ̀mejì, tínrín tínrín. Ẹ má kùn ún nígbà tí oòrùn bá ń ta á lójú tààrà, ọ̀dà á gbẹ lójú bùrọ́ọ̀ṣì. Ẹ má kùn ún lálẹ́ nígbà tí ìrì fẹ́ sẹ̀, ẹ má sì kùn ún bí ojú ọjọ́ bá tutù ju 10°C lọ. Àárọ̀ tí ìrì ti gbẹ, ní apá ilé tó ní òjìji, ni tèmi.

TíṣàKẹ́mísìrì

Ẹ gbà mí láyè kí n dá sí i. Blíìṣì tí Bàbá sọ yẹn, òun àti omi nìkan. Ẹ má da ọtí kíkan tàbí amóníà mọ́ ọn, ẹ má tilẹ̀ lò wọ́n tẹ̀ lé ara wọn láìfi omi ṣan ibẹ̀. Gáàsì olóró ni wọ́n ń dà. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, kí ẹ sì ṣí fèrèsé tó kù sílẹ̀.

Ayọ̀_Onífèrèsé

Ohun kan tí àwọn èèyàn máa ń gbàgbé: kí ọ̀dà gbẹ yàtọ̀ sí kó jinná. Akirílíìkì á gbẹ lọ́wọ́ láàárín wákàtí kan tàbí méjì, àmọ́ ó lè gbà tó ọgbọ̀n ọjọ́ kó tó le pátápátá. Bí ẹ bá tètè ti fèrèsé, ọ̀dà á lẹ̀ mọ́ ọ̀dà, lọ́jọ́ tí ẹ bá ṣí i ẹ ó gbọ́ ariwo rẹ̀. Ẹ fi í sílẹ̀ ní ṣíṣí fún ọjọ́ bíi mélòó kan bí ojú ọjọ́ bá gbà. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ tì í lálẹ́, ẹ fi páúdà díẹ̀ pa ibi tí wọ́n ti ń kan ara wọn.

Bí fèrèsé yín bá ṣì wà lábẹ́ ìwé ẹ̀rí (wárántì) olùṣe rẹ̀, ẹ kà á kí ẹ tó kùn ún. Ọ̀pọ̀ ìwé bẹ́ẹ̀ ni ọ̀dà ń fòpin sí.

Àrẹ̀mú_Atẹ́lẹ̀

Mo fẹ́ sọ ti ilẹ̀ balùwẹ̀. Ìyá, ó ti tó ọdún mélòó tí wọ́n ti tẹ́ ẹ? Ìdí tí mo fi ń béèrè ni pé ìtẹ́lẹ̀ fáínílì tí wọ́n ṣe kí ọdún 1980 tó dé, àti díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, lè ní asibẹ́sítọ́ọ̀sì nínú, ìyẹn fọ́nrán òkúta tí eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, pàápàá àwọn táìlì onígun mẹ́rin tó tó sẹ̀ǹtímítà 23, àti gọ́ọ̀mù dúdú tí wọ́n fi lẹ̀ wọ́n. Bó bá jẹ́ irú rẹ̀ ni, ẹ má fi sáńpépà kàn án, ẹ má ṣí i, ẹ má gbá eruku rẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí kò bá tíì fọ́, kíkùn ún láìpa á ló sàn ju híhọ rẹ̀ lọ. Èyí tó bá ti ń rún, ẹ pe àwọn tí wọ́n mọṣẹ́ náà.

Bó bá jẹ́ tuntun, ẹ ó kọ́kọ́ fọ gbogbo ìda tí wọ́n fi ń mú un dán kúrò. Lẹ́yìn náà práímà, lẹ́yìn náà ọ̀dà ilẹ̀ ìpóksì alápòpọ̀ méjì (ọ̀dà líle tí a ń po apá méjì rẹ̀ pọ̀ kí a tó kùn ún), lẹ́yìn náà ohun ìbòrí tí kò láwọ̀. Ọjọ́ púpọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó tẹ̀ ẹ́. Èmi fúnra mi kì í gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti kun ti balùwẹ̀. Omi máa ń wọ etí rẹ̀ lábẹ́ ìwẹ̀, ẹsẹ̀ tútù ń tẹ̀ ẹ́ lójoojúmọ́, ibi kan náà ni yóò sì ti kọ́kọ́ ha: iwájú àwo ìfọwọ́. Ó lè ra àkókò fún yín kí ẹ tó pààrọ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá retí ju ìyẹn lọ, á dùn yín.

Arán-àga

Mo ń bo àga. Fún àga yín, ẹ má lo ọ̀dà ògiri, á sán lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí ẹnìkan bá jókòó. Ọ̀dà inú agolo tí a ń fín wà tí wọ́n ṣe fún fáínílì rírọ̀ àti awọ, ó tín-ín-rín, ó ń tẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ fọ gbogbo ìpara tí wọ́n fi ń mú kí àga dán kúrò, torí sílíkónì máa ń wà nínú rẹ̀, ọ̀dà á sá fún un bí omi ṣe ń sá lára ewé kókò. Ẹ fín in fẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀mẹrin, dípò lẹ́ẹ̀kan tó nípọn.

Bí fáínílì náà bá ti ya tàbí tó ti gan, ẹ fi owó yín pamọ́. Ẹ bọ́ ọ kúrò, kí a fi tuntun bò ó. Ọ̀dà kì í rán ohun tó ya.

ÌyáÌbejì

Ẹ̀yin ará, ọ̀sẹ̀ keje rèé, mo ní kí n wá ròyìn fún yín.

Fèrèsé márùn-ún ni mo ti parí. Fífá àti fífọ̀ gba ọjọ́ mẹ́rin gbáko, apá ro mí. Mo mú àwọ̀ eérú fífúyẹ́, LRV rẹ̀ jẹ́ 62. Mo ṣe ti abẹ àti téépù ní fèrèsé mẹ́ta. Méjì dúró, kò sí ẹyọ kan tó bá téépù lọ. Ti ilé ìdáná bá a lọ ní ìdajì. Mo fi ọwọ́ kan ibẹ̀, mo sì mọ̀ ọ́n lára pé ọ̀rá ìdáná ṣì wà níbẹ̀. Mo fá a, mo tún fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, mo tún bẹ̀rẹ̀ láti orí práímà. Nígbà kejì ó dúró.

Ti pálọ̀ tó tẹ̀, Ayọ̀ sọ fún mi níkọ̀kọ̀ pé kò sí bí a ṣe lè tẹ̀ ẹ́ padà. Apá tó ń ṣí nìkan la pààrọ̀, férémù inú ògiri kò ní nǹkan kan. Funfun ni tuntun náà, mo sì ti fi í sílẹ̀ ní funfun.

Àga kan ti ya létí, mo ti gbé e fún ẹni tó máa bò ó. Èkejì ni mo fín, ó dára, kò lẹ̀ mọ́ aṣọ. Ilẹ̀ balùwẹ̀, n kò fọwọ́ kàn án.

Fèrèsé méjì ló kù, àwọn tó wà lókè. Bàbá, ṣé kí n dúró títí òjò á fi dáwọ́ dúró?

Bàbá Ọlọ́dà

Ẹ káre, Ìyá Ìbejì. Ẹ dúró. Ẹ máa fá a kí ẹ sì máa fọ̀ ọ́ nísinsìnyí, òjò kò dí ìyẹn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ẹ bá máa kùn ún, ẹ tún un fọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i láàárọ̀ kùtù, torí eruku á ti tún bà lé e.